Gaàrí Ìrè Tí Kò Wọlé Lókè Òkun

Bí ẹ bá dé Ìrè-Èkìtì tí ẹ béèrè gaàrí tí kò ní yanrìn, ilé Ìbíjọkẹ́, ìyá Joy, ni wọn yóò júwe fún yín. Èmi tí ilé wa jọ fara ti ara mọ̀ ọ́n dáadáa: ọ̀làwọ́ ni, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Kò sí oníbàárà tí kì í bu ènì fún. Ó ní ọjà tí kò ní ènì, olè jíjà ni.

Òun ni olórí àwa obìnrin tó ń yan gaàrí nígbà tí Olúmúyìwá, ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Ọyẹ́, bá wa rí oníbàárà kan lókè òkun. Ọmọ náà sáré ìwé títí bàtà rẹ̀ fi jẹ: ìwé ìjọba, ìwé àwọn tó ń yẹ oúnjẹ wò, ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù. Ó ra òṣùwọ̀n, ó tẹ "kílò kan" sára ọ̀rá. Ìyá Joy ló ń wọ̀n ọ́n, òun náà ló ń lẹ ẹnu ọ̀rá pa.

Ẹrù dé èbúté lọ́hùn-ún, wọn ò jẹ́ kó wọlé. Wọ́n ní ó wúwo ju ohun tí ìwé sọ lọ, pé ẹni tó parọ́ ìwọ̀n lè parọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n da gbogbo rẹ̀ nù. Òógùn wa ló lọ bẹ́ẹ̀ o!

Nígbà tí Olúmúyìwá wá ròyìn fún wa lẹ́yìn ìsìn, ìyá Joy fò dìde.

"Ùwọ lo kó igbó sínú gaàrí wa! Olè ni ọ́, láti ulé bàbá rẹ!"

Àwa tó kù gbè é lẹ́sẹ̀. Olúmúyìwá ò bínú. Ó kàn béèrè pé, "Mà, ṣé ẹ tún bu nǹkan sí i lẹ́yìn tí ẹ wọ̀n ọ́n tán?"

Ìyá Joy rọra jókòó padà.

"Mo bu ènì díẹ̀ sí i," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Ṣé kí òyìnbó wá pe ará Ìrè ní ahun ni?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní oore kì í gbé. Tirẹ̀ gbé, ó sì gbé tiwa lọ. Ojú ti èmi náà, torí mo wà lára àwọn tó gbe èébú. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìnkùlé ni ìyá Joy ń gbà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Lánàá ni Olúmúyìwá wá a wá sílé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ má bínú, mà. Èmi ni mi ò sọ fún yín pé wọn kì í gba ènì níbẹ̀."

Ká ní ó bú u ni, ìyá Joy ì bá fún un lésì. Ṣùgbọ́n ọmọ tó pè lólè ló ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ìborùn bojú.

"Dìde nílẹ̀, ọmọ mi," ó ní. "Èmi ló yẹ kí n wà níbẹ̀."