Ọmọbìnrin Ìkookò Nínú Yàrá Opó

Òórùn gbodo ni mo fi máa ń rántí yàrá ìyá mi ní Kambolé, ìlú wa. Gbogbo àgbàlá ni wọ́n sá iṣu sí lọ́dún náà, òórùn rẹ̀ tó kan díẹ̀ a sì gba ojú fèrèsé wọlé bá wa, èmi lórí ẹní, ìyá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri nínú aṣọ opó. Bàbá mi ti kú nílé ìwòsàn ní Tchamba. Ìyá mi ní láti ṣe opó oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wa ti wí, kò sì gbọdọ̀ jáde láìnídìí. Wọ́n wá pè mí láti Sokodé, níbi tí mo ti ń lọ sí lycée, ilé ẹ̀kọ́ girama tí wọ́n ti ń fi Faransé kọ́ni, pé kí n máa bá a gbé títí yóò fi parí. Mi ò sunkún. Òun náà ò sunkún mọ́. Ká ní o béèrè lọ́wọ́ mi nígbà náà pé báwo ló ṣe ń ṣe mí, ǹ bá sọ fún ọ pé kò ṣe mí bákan. Ara mi ṣáà wà níbẹ̀ ni, ó ń pọnmi, ó ń gbálẹ̀.

Ìwé kan wà nínú báàgì mi. Ọ̀rẹ́ tí a jọ ń gbé yàrá ní Sokodé ló yá mi. Ọmọ ìjọ Kátólíìkì ni, ṣùgbọ́n èdè wa ni wọ́n ń sọ nílé wọn. Ìtàn àwọn ènìyàn tí wọ́n ń di ìkookò nígbà tí òṣùpá bá kún ni. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn, olóríkunkun, tí olórí agbo ní dandan òun ni yóò fẹ́, tí ọmọbìnrin náà sì ní dandan òun kò ní fẹ́ ẹ. Irú ìwé tí àwa ọmọbìnrin máa ń fi pamọ́ sábẹ́ tábìlì ní kíláàsì ni. Mi ò gbádùn rẹ̀. Mo kàn ń wá ibi tí ojú mi yóò wà ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ìyá mi ní kí n sọ ohun tó wà níbẹ̀ tí mi ò fi gbórí sókè. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Faransé rẹ̀ fún un ní èdè wa, láti ọjọ́ náà ló sì ti di iṣẹ́ wa lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Ìyá mi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí kì í béèrè. Ta ní ń se oúnjẹ fún wọn nínú igbó yẹn? Bí aṣọ bá fà ya lára wọn nígbà tí wọ́n bá ń yí padà, ta ní ń ra òmíràn? Ìyá ọmọ yìí ńkọ́, kí ló sọ sí i? Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàpèjúwe ojú ọ̀dọ́kùnrin kan, á ní kí n fò ó. Kò rẹ́rìn-ín, èmi náà ò rẹ́rìn-ín, síbẹ̀ a ò pa ọjọ́ kan jẹ.

Àwọn obìnrin tó ń wá kí i a máa jókòó gbọ́ díẹ̀. Ẹni tó bá dé láàárín ìtàn kì í mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, kò sì pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi ń lọ káàkiri pé ọmọbìnrin kan wà ní lycée mi tó ń di ìkookò, pé mo fojú ara mi rí i. Àbúrò bàbá mi wá sẹ́nu ọ̀nà, ó bọ́ bàtà, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè bóyá àwọn olùkọ́ mọ̀ sí i. Mo ní inú ìwé ni. Ó ní kí wọ́n tó kọ ọ́ sínú ìwé, ẹnì kan ti ní láti rí i. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó bá wá gan-an. Bí ìyá mi bá parí opó, òun ni yóò ṣú u lópó gẹ́gẹ́ bí àṣà ilé wa, oko bàbá mi yóò wà lọ́wọ́ òun, èmi yóò sì máa ran ìyàwó òun lọ́wọ́ ní ọjà Goubi, kò sí ìdí fún Sokodé mọ́. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Òun ló fi alùpùpù gbé bàbá mi lọ sí Tchamba. Bí ìyá mi bá kọ̀, kò sẹ́ni tí yóò lù ú, ṣùgbọ́n ilé ọkọ ló ni yàrá yẹn, yóò sì jáde níbẹ̀. Ìyá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti inú yàrá. Nígbà tí mo wọlé, ó ní kí n máa kà á lọ.

A ka ìwé náà parí. Ọmọbìnrin yẹn dúró níwájú gbogbo agbo, ó fi eyín han olórí wọn, ó ké tí igbó fi mì, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ìyá mi béèrè pé: "Níbo ló sùn lọ́jọ́ yẹn?"

Mo ṣí ìwé padà, mo wò ó dáadáa. Mo ní wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀.

"Ẹni tó kọ ọ́ ò tíì kúrò nílé ọkọ rí," ni ìyá mi wí.

Lọ́jọ́ kejì ó ní kí n bá òun pe ìyá ọ̀rẹ́ tó yá mi níwèé lórí fóònù. Wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ́, ohùn ìyá mi sì wà bí ìgbà tó bá ń sọ iye èlùbọ́ tó kù nílé.

Lọ́jọ́ tí opó parí, ó wẹ̀, ó wọ aṣọ mìíràn, àwọn àgbà ilé àti ààfáà sì jókòó sí àgbàlá. Ààfáà ṣàdúà, ó ní ẹ̀sìn ò fi dandan mú obìnrin, kí ó sọ tẹnu rẹ̀. Mo mọ̀ pé ibi tó bá lọ ni èmi náà ń lọ, pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa sọ bóyá màá tún rí kíláàsì mi. Síbẹ̀ kò ká mi lára. Adìẹ kan ni mò ń wò. Ìyá mi kúnlẹ̀, bí ìyàwó ṣe ń kúnlẹ̀ fún ará ilé ọkọ.

"Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọkọ mi. Mi ò fẹ́."

Àbúrò bàbá mi béèrè ibi tí yóò máa gbé. Ó ní Sokodé, ìyá ọ̀rẹ́ mi ti bá òun wá yàrá, òun yóò máa ta èlùbọ́. Ẹnì kan ní kí ó tún rò ó. Ó ní òun ti rò ó, ó dìde, ó sì gbọn ekuru orúnkún rẹ̀. A kọjá ní Tchamba lọ́jọ́ kejì, mo sì rí òrùlé ilé ìwòsàn yẹn.

Ọ̀pọ̀ obìnrin ni mo ti rí láti ìgbà náà tí wọ́n ń dúró kí inú wọn kọ́kọ́ gbóná, kí àyà wọn kọ́kọ́ le, kí wọ́n tó sọ pé àwọn ò ṣe. Èmi náà ti dúró bẹ́ẹ̀ rí, bóyá ìwọ náà. Ṣùgbọ́n ìyá mi ò bínú lọ́jọ́ yẹn, mi ò sì rí ìgboyà kankan lójú rẹ̀ tí mo lè tọ́ka sí. Ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé kò mọ nǹkan kan lára mọ́. Bó ṣe rẹ̀ ẹ́ tó yẹn, ó ní òun ò fẹ́.