Igi Ọsàn Ẹ̀bá Ihò Keje

Bàbá Koríko ni gbogbo kílọ́ọ̀bù ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi, torí òun ló ń tọ́jú pápá tí wọ́n ti ń gbá gọ́ọ̀fù. Èmi ló ń fọ aṣọ ìnura wọn nílé ìfọṣọ, fèrèsé mi sì kọjú sí ihò keje gan-an, ìkan nínú àwọn ihò tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù wọn sí. Kí n má purọ́, mi ò rí ọgbọ́n inú eré náà. Àgbàlagbà á gbá bọ́ọ̀lù nù tán, á tún fi mọ́tò wá a kiri.

Pátákó kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n kọ ìtàn kílọ́ọ̀bù sí. Ó ní igbó lásán ni ibẹ̀ kí àwọn olùdásílẹ̀ tó dé. Irọ́ gbuu! Abúlé àwọn ìyá mi ló wà níbẹ̀. Ìyá mi ṣì wà lọ́mọ ọwọ́ nígbà tí ìyá wọn kú, Bàbá Koríko sì kéré débi pé kò rántí ojú rẹ̀. Ohun tó rántí kò ju ẹ̀gbà ọwọ́ idẹ kan, tó tẹ̀ lápá kan níbi tí ilẹ̀kùn ti há a mọ́ lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ ń gbé e sá fún òjò. Wọ́n sin ìyá náà tòun ti ẹ̀gbà rẹ̀ sẹ́yìn ilé, nídìí igi ọsàn. Kò pẹ́ sí i ni wọ́n ta ilẹ̀, wọ́n kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìbátan, katakata sì tẹ́ gbogbo abúlé pẹrẹsẹ.

Nígbà tí Bàbá Koríko di géńdé, ó padà wá wáṣẹ́ síbẹ̀. Kò rí ilé, kò rí ọ̀nà, àmọ́ igi ọsàn dúró lápá òsì ihò keje. Ó ní òun dì mọ́ ọn, òun sì sunkún bí ọmọ tuntun. Ìdí tó fi gba iṣẹ́ náà kò ju kí ẹnikẹ́ni má bàa da ìyá òun láàmú.

Àràárọ̀ ni Bàbá Koríko ń pààrọ̀ àyè ihò, kí ẹsẹ̀ má bàa tẹ koríko ojú kan pa. Á ti irin oníhò bọ ilẹ̀, á yọ koríko tòun ti yẹ̀pẹ̀, á sì fi dí ihò àná. Apá òsì, nídìí igi ọsàn, kò gbẹ́ ibẹ̀ rí. Á ṣí fìlà, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja: "Màámi, ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ẹ sùn dáadáa?" Lẹ́yìn náà ni á kẹ̀yìn sí i, á lọ gbẹ́ ihò sápá ọ̀tún.

Ilẹ̀ apá ọ̀tún yẹn ń rì. Bó bá bu iyanrìn sí i lónìí, òjò kan á rọ̀, á tún jìn wọnú. Mo máa ń gbọ́ ọ tó ń bú u: "Ilẹ̀ radaràda! Alájẹkì! Ṣé o ò ní yó ni?" Èmi á sì rẹ́rìn-ín. Àmọ́ nírọ̀lẹ́, bí gbogbo èèyàn bá ti lọ, mo máa ń gbọ́ nǹkan lápá ibẹ̀, kó, kó, kó, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀rù máa ń bà mí. Mo sọ fún Bàbá, ó ní ọsàn ló ń já bọ́.

Lọ́dún tó kọjá, omi dágún sórí ihò keje, àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù sì ń ráhùn. Alága kílọ́ọ̀bù ní katakata máa wá gbẹ́ ojú ọ̀nà omi gba ìdí igi ọsàn. Bàbá Koríko sáré wá bá mi.

"Wọ́n fẹ́ hú Màámi."

"Ẹ lọ bẹ̀ wọ́n, Bàbá. Alága kì í ṣe òkúta."

Ó lọ, ó dọ̀bálẹ̀. Alága náà ṣèèyàn, ó gbé e dìde. "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ibo lẹ wá fẹ́ ká gbẹ́?"

Bàbá Koríko nawọ́ sápá ọ̀tún. "Ibẹ̀ yẹn, sà. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀."

Lọ́jọ́ iṣẹ́, mo dúró tì í. Katakata bu ilẹ̀, ó tún bu ú, awakọ̀ sì pa ẹ́ńjìnnì lójijì. Egungun ni. Ẹ̀gbà idẹ kan wà nínú yẹ̀pẹ̀, ó tẹ̀ lápá kan. Bàbá Koríko wo ẹ̀gbà, ó yíjú wo igi ọsàn lápá òsì.

Alága àtijọ́, arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn, jáde wá wò ó. "Àbí igi ọsàn yẹn lẹ ń wò? A hú u kúrò níbí tòun ti gbòǹgbò nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ kílọ́ọ̀bù. Ìyàwó mi ló ní ká gbé e sọ́hùn-ún, pé ibẹ̀ ló ti máa rẹwà."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àga. Inú bí mi. Bàbá Koríko kò tilẹ̀ wò ó. Ó jókòó sórí yẹ̀pẹ̀, ó di ẹ̀gbà náà mú. Àfọwọ́fà yìí ló dùn ún jù.

"Èmi ni mo nawọ́ síbẹ̀," ló wí. "Mo bú Màámi. Ojoojúmọ́ ni mò ń kan ilẹ̀kùn wọn, mi ò kí wọn."

"Bàbá, irin yẹn ò jìn. Kò dé ọ̀dọ̀ wọn."

"Ohùn mi dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n ń gbọ́ tí mò ń kí ẹlòmíì."

Alága ní kí wọ́n dá yẹ̀pẹ̀ padà, omi ì báà dúró síbẹ̀ títí ayé. Ìyá ìyá mi ṣì wà níbẹ̀, Bàbá Koríko sì ti dá ẹ̀gbà rẹ̀ padà sí i lọ́wọ́. Bàbá Koríko kò fiṣẹ́ sílẹ̀. Àmọ́ bí wọ́n bá lè gbé igi kan kúrò lórí òkú kan, ta ló mọ ibi tí àwọn ará abúlé yòókù wà? Nítorí náà, kó tó ti irin bọ ilẹ̀ níbikíbi lórí pápá yẹn, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á fi ọwọ́ kan ilẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Àgò o," á wí.

Á wá dúró. Èmi náà, lójú fèrèsé, màá gbé aṣọ kalẹ̀, màá tẹ́tí, bóyá ẹnì kan máa dáhùn pé àgò yà.