Àbọ̀ Kẹ́ẹ̀gì Omi ní Àpòmù

Funfun ni mo kọ́kọ́ rí. Ó rọra ń tàn ká nínú túùbù onígíláàsì bí ìkùukùu àárọ̀ lórí oko Wásinmi, mo sì mọ̀ pé ọ̀ràn ti dé.

Olùkọ́ kẹ́mísìrì ni mí ní Àpòmù kí n tó fẹ̀yìn tì; láti Ìkirè ni mo ti ń lọ láràárọ̀. Ọ̀rọ̀ ògidì ni mo fi máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ tuntun. Ògidì, nínú iṣẹ́ tiwa, ni ohun kan ṣoṣo tí kò ní àdàlù. Ògidì omi, bó bá hó tán, kì í fi nǹkan kan sílẹ̀ nídìí ìkòkò.

"Sà, ògidì oyin tí wọ́n ń tà lójú títì ńkọ́?"

"Ó dùn, àmọ́ àdàlù ni. Ṣúgà wà níbẹ̀, omi wà níbẹ̀."

Wọn a pariwo: "Háà! Tíṣà ti ba ọjà olóyin jẹ́!"

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ìdánwò àṣekágbá ku ọ̀la. Àwọn ọmọ yóò po iyọ̀ kan tí wọn kò mọ̀ sínú omi, wọn yóò kán oògùn àyẹ̀wò sí i. Ohun tó bá yọ ni yóò sọ irú iyọ̀ tó jẹ́. Bí omi náà kò bá jẹ́ ògidì, omi ni yóò máa jẹ́rìí dípò iyọ̀. Mo ti pèsè ògidì omi sínú kẹ́ẹ̀gì tẹ́lẹ̀. Mo kàn ní kí n kán oògùn sí i wò ni, ni funfun bá yọ.

Abíọ́dún wà níbẹ̀, ó ń fọ túùbù. Ọmọ Orílẹ̀-Òwu ni, ìdánwò yìí ti dá a padà rí, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tó ń fẹ́ sì dúró dè é. "Sà, ṣé mo tún ti fìdí rẹmi nìyẹn?"

Mo pe Ìyá Dàpọ̀, obìnrin Aládùúrà tó ń tọ́jú yàrá àyẹ̀wò wa.

"Ta ló fọwọ́ kan kẹ́ẹ̀gì yìí?"

"Èmi ni, ọ̀gá. Kò kún, àlejò sì ń bọ̀ wá wo ìdánwò. Ṣé àbọ̀ la ó gbé síwájú àlejò ni? Mo fi omi kànga kún un. Mo ti fi álọ́ọ̀mù sí i láti àná, ẹ wò ó bó ṣe mọ́ gaara!"

Ó mọ́ gaara lóòótọ́. "Álọ́ọ̀mù yẹn gan-an ló ń yọ funfun. Ó lé ẹrẹ̀ lọ sílẹ̀, òun wá jókòó sípò rẹ̀."

"Yéè! Ó lé olè tán, ó wá sùn sórí bẹ́ẹ̀dì onílé!"

Abíọ́dún rẹ́rìn-ín, omijé sì wà lójú rẹ̀.

Iná kò sí. A da omi kẹ́ẹ̀gì sínú garawa, a ń bù ú sínú kẹ́tù lórí iná èédú, a ki rọ́bà gígùn oníhò sí i lẹ́nu, a mú rọ́bà náà gba inú bàsíà omi tútù. Ooru wọlé, ó tutù, ó padà di omi, ó ń kán sínú kẹ́ẹ̀gì tí a ti ṣàn mọ́. Álọ́ọ̀mù kò lè bá ooru fò. Ìdí kẹ́tù ló kù sí. Abíọ́dún ń pààrọ̀ omi tútù, Ìyá Dàpọ̀ ń fẹ́ iná, ó ń kun orin lábẹ́lẹ̀. Tó. Tó. Oòrùn ń yí kúrò lójú fèrèsé kan bọ́ sí òmíràn, ó dà bíi pé ọ̀sán fúnra rẹ̀ ló ń kán sínú kẹ́ẹ̀gì. 

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo kán oògùn sí i.

"Kò yọ nǹkan kan, sà!"

"Àìyọ yẹn la ń wá."

Àbọ̀ kẹ́ẹ̀gì péré ni. Ìyá Dàpọ̀ wò ó títí, ó dé e. "Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àlejò náà wo kẹ́ẹ̀gì. "Ṣé gbogbo omi yín nìyí?"

Ìyá Dàpọ̀ kúnlẹ̀. "Àbọ̀ ni, sà. Àmọ́ omi nìkan ló wà níbẹ̀."

Abíọ́dún yege. Lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, Ìyá Dàpọ̀ fi ìgò kan ta mí lọ́rẹ, omi tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbà láti inú ooru, àbọ̀ ìgò. Ojú fèrèsé mi ní Ìkirè ló wà. Bí Abíọ́dún bá wọ aṣọ nọ́ọ̀sì rẹ̀ wá wo ẹ̀jẹ̀ ríru mi, ìgò yẹn ló máa ń kọ́kọ́ gbé sókè sí ìmọ́lẹ̀.

"Sà, kò tíì yọ nǹkan kan."