Ẹni Tó Jókòó Sẹ́yìn Mọ́tò Bàbá

Ẹ má bi mí bóyá àlá ni. Ojú mi là kedere, òòrùn kò tíì wọ̀, mi ò sì fi ọtí kan ẹnu rí láyé mi. Ìyàwó mi tó ti kú kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, àwọn ọmọ mi kò gbọ́ ọ. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rẹ́rìn-ín. Èmi tó ṣojú mi, mi ò lè rẹ́rìn-ín sí i.

Iṣẹ́ dírẹ́bà ni mo ṣe nígbà èwe mi, nígbà tí mọ́tò ṣì ṣọ̀wọ́n ní Ìbàdàn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn èèyàn ń sá jáde wá wò ó bí ẹni ń wo ìyàwó tuntun. Àkókò tí wọ́n ń ru òkúta gun òkè Màpó láti fi kọ́ gbọ̀ngàn ńlá orí rẹ̀ ni. Ọmọ Bẹẹrẹ ni mí, ṣùgbọ́n Bẹ́yẹrúnkà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, lọ́dọ̀ bàbá kan tó ń ra kòkó. Bàbá sanra, ohùn rẹ̀ kì í ròkè, kì í sì í bínú. Ìyàwó kan ṣoṣo ló ní, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Màmá. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Sáfù, òun náà sì ti wà nílé ọkọ ní Ìlọrin.

Mọ́tò Bàbá ti darúgbó kí n tó mọ̀ ọ́n. Òyìnbó kan tó ń ṣiṣẹ́ relùwéè ló tà á fún un nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀. Ká sọ òtítọ́, ọkọ̀ náà kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Òrùlé aṣọ rẹ̀ ń jò. Irin tí a fi ń yí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ níwájú máa ń ta padà bí ẹsẹ̀ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ó ti dá egungun ọwọ́ mi rí. Ó ń mu omi ju ẹṣin lọ. Bí epo bá ti lọ sílẹ̀ nínú rẹ̀, kò ní lè fi iwájú gun òkè Màpó, ẹ̀yìn la ó fi gùn ún, tí àwọn ọmọdé á máa pàtẹ́wọ́ tẹ̀ lé wa. Akọ̀wé kan ní Bẹẹrẹ ní irú rẹ̀ gan-an, ó sì máa ń búra pé tòun kò dúró sọ́nà rí. Bàbá á kàn fọwọ́ pa mọ́tò lára, á ní àgbà ni, ká fi sílẹ̀ kó mí.

Ọjọ́ tí Bàbá kú, oko la ti ń bọ̀, lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú. A ti kọjá Odò Ọ̀nà díẹ̀, a kọjú sí Mọ́lété, nígbà tí èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í rú níwájú mọ́tò. Omi rẹ̀ ti tán. Igbó ni ibẹ̀ nígbà náà, kò sí ilé kankan. Mo gbé garawa, mo ní kí n sáré padà sódò. Bàbá wà lẹ́yìn ọkọ̀, lápá òsì tó máa ń jókòó sí, ó ń fi fìlà fẹ́ ara rẹ̀.

Ó ní, "Má pẹ́ o. Àyà ń dùn mí díẹ̀."

Odò náà kò jìn. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: kò jìn. Kéèyàn tó ka Fátíà lẹ́ẹ̀mẹwàá, á ti débẹ̀. Ṣùgbọ́n mo bá ọmọbìnrin kan níbẹ̀ tó ń fọ aṣọ, ọmọbìnrin tí mo ti ń wá ojúure rẹ̀ tipẹ́. Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Mo gbé garawa sílẹ̀, mo jókòó lórí òkúta. Mo ní díẹ̀ báyìí ni. Ìgbà tí mo máa gbójú sókè, òjìji igi ti kúrò lórí omi.

Nígbà tí mo padà dé ìdí mọ́tò, orí Bàbá ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Fìlà wà lórí itan rẹ̀. Ara rẹ̀ ṣì gbóná.

Nílé, wọ́n bi mí ohun tó mú mi pẹ́. Mo ní odò jìn. Wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀. Mi ò tún lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin náà mọ́, mi ò sì sọ ìdí rẹ̀ fún un.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, àwọn èèyàn tú ká. Ó wá ku Màmá, èmi, àti mọ́tò, nínú ilé tó ní yàrá mẹ́wàá. Àbúrò Bàbá ní kí wọ́n tà á. Ó ní mọ́tò tó pa onílé kò yẹ kó máa gbé ilé. Màmá kò tà á. Lálaalẹ́, bí òòrùn bá ti ń lọ, á gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ síwájú ibi tí a gbé mọ́tò sí, á kọjú sí i. Èmi náà á jókòó lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. A lè wà bẹ́ẹ̀ tí ilẹ̀ á fi ṣú, a ò ní sọ ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ. Nígbà mìíràn á pè mí bí ẹni fẹ́ béèrè nǹkan, á tún ní kò sí nǹkan kan, kí n máa jókòó.

Ó lé díẹ̀ lọ́dún kan lẹ́yìn ikú Bàbá ni ohun tí mò ń sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ọyẹ́ ti dé. Eruku bo ojú ọ̀run, òòrùn dà bí owó fàdákà tó ti pa àwọ̀ dà. Màmá rán mi lọ sóko láti kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá. Èmi nìkan ni mo lọ. Mo to ọ̀gẹ̀dẹ̀ sórí ìjókòó ẹ̀yìn títí ó fi kún, mo kọrí sílé.

Mo kọjá Odò Ọ̀nà. Mọ́tò húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó kú.

Ẹ gbà mí gbọ́, ibi tí Bàbá kú sí gan-an ni. Ọ̀pẹ méjì kan fara kọ́ra níbẹ̀, mi ò lè ṣì í mọ̀. Mo ní ṣebí ọkọ̀ tó ti gbó ni, ibi gbogbo ló ń kú sí. Mo gbé garawa. Lọ́tẹ̀ yìí mo sáré, mi ò wo ọ̀tún, mi ò wo òsì. Mo bu omi, mo sáré padà.

Ẹnì kan jókòó sẹ́yìn mọ́tò.

Mo kọ́kọ́ rò pé àgbẹ̀ kan tó rẹ̀ ló gòkè láti sinmi. Mo fẹ́ kí i. Nígbà tí mo sún mọ́ ọn ni mo rí i pé ó ń fi fìlà fẹ́ ara rẹ̀. Nínú ọyẹ́. Èmi fúnra mi ń gbọ̀n, èékánná mi ti pọ́n.

Ẹ ó ní kí ló dé tí mi ò sá. Ibo ni mo fẹ́ sá sí? Mo ti fi í sílẹ̀ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Mo da omi sínú mọ́tò, ìdajì rẹ̀ dà sílẹ̀. Mo mú irin, mo yí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ́ńjìnnì gbà. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ ọkọ̀ náà, kò gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo rí. Mo gòkè, mo tẹjú mọ́ ọ̀nà.

A ti ń wọ Mọ́lété kí n tó gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn etí mi. Kò bínú. Ó dà bí ẹni tó kàn fẹ́ mọ̀ ni.

"Ṣé odò náà jìn ni?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka Áyátúl-Kúrúsíyù, tí a fi ń wá ààbò Ọlọ́run, nínú ọkàn mi, mo já a sílẹ̀ láàárín, mo tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo já a sílẹ̀, èmi tí mo ti mọ̀ ọ́n láti kékeré.

Nígbà tí a dé Ọjà'ba, wọ́n ti ń tan fìtílà. Ìyá arúgbó kan tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́bàá ọ̀nà gbójú sókè. Kò wo èmi. Ó wo ẹ̀yìn mi, ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ sínú eruku, ó ní, "Ẹ kú àbọ̀ o, Bàbá." Mo gbọ́ ọ bí ẹ ṣe ń gbọ́ mi yìí. Mi ò dúró. Mọ́tò fi iwájú gun òkè Màpó, kò húkọ́, kò rú èéfín.

Màmá wà lórí àpótí rẹ̀ nígbà tí a wọlé. Ó dìde. Ó wo mọ́tò títí, ó sì rọra sọ̀rọ̀, bí ìyàwó ilé ṣe ń sọ ọ́ nígbà tí oúnjẹ bá ti tutù.

"Kí ló mú yín pẹ́ tó báyìí?"

"Ìwọ" ni Màmá máa ń pè mí. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí nígbà náà. Kò fi "yín" bá mi sọ̀rọ̀ rí.

Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó na ọwọ́. Mọ́tò gbéra sókè lápá òsì, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí ẹni tó sanra bá sọ̀ kalẹ̀. Màmá wá ń rìn lọ sínú ilé, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń dúró de ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. Ilẹ̀kùn sé.

Ó pẹ́ kí n tó lè bojú wẹ̀yìn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo tò sórí ìjókòó ti wà nílẹ̀ mọ́tò, wọ́n tò ó jọ létòlétò. Èmi kọ́ ló tò ó.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ bá Màmá lẹ́yìnkùlé, mo dọ̀bálẹ̀, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: ọmọbìnrin náà, òkúta tí mo jókòó lé, irọ́ tí mo pa. Mo ní kó lé mi lọ bó bá fẹ́. Ó ń to igi ìdáná, kò dáwọ́ dúró.

Ó ní, "Mo mọ̀ pé odò kò jìn. Mo ti pọnmi níbẹ̀ rí, nígbà tí mo wà ní wúńdíá."

Mo bi í pé láti ìgbà wo ló ti mọ̀.

"Láti ọjọ́ tí o ti sọ ọ́."

Mo bi í ìdí tí kò fi lé mi. Ó ní, "Ìwọ lo gbọ́ ohùn Bàbá gbẹ̀yìn. Bí mo bá lé ọ, ta ni n óò máa wò?" Ó wá bi mí ohun tí Bàbá sọ kó tó kú. Ọdún kan gbáko ló fi ń pè mí tó sì ń ní kò sí nǹkan kan, ohun tó fẹ́ béèrè nìyẹn. Mo sọ ọ́ fún un. Ó mi orí, ó ní kí n lọ jẹun.

Ọdún méjì ni Màmá tún lò láyé. Ní gbogbo àkókò náà, mọ́tò kò dúró sọ́nà rí, bẹ́ẹ̀ sì ni mi ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe. Bí Màmá bá gòkè, apá ọ̀tún ló máa ń jókòó sí, á ká ìró rẹ̀ jọ mọ́ra kó má baà gba àyè. Lọ́jọ́ kan tí à ń kọjá ní Kúdẹtì, mo gbọ́ tó rọra ń rẹ́rìn-ín. Mi ò wẹ̀yìn. Mo ti kọ́ láti wa ọkọ̀ láìwẹ̀yìn. Mò ń retí pé ohùn yẹn á tún bi mí léèrè, kí n lè dáhùn. Kò bi mí mọ́.

Ìgbà tí Màmá kú, àbúrò Bàbá ta mọ́tò fún oníṣòwò kan tó ń gbé Ọ̀yọ́. Mo fẹ́ kìlọ̀ fún ọkùnrin náà, mi ò mọ ibi tí n óò ti bẹ̀rẹ̀. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo pàdé rẹ̀ ní Ọjà'ba. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní òun kò tíì ní ọkọ̀ tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé tó o, kò já òun kulẹ̀ rí. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní ìyàwó òun kò gbà láti jókòó sẹ́yìn mọ́, kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún òun. Ó ní òun ń wá ẹni tí òun máa tà á fún.

Mi ò mọ ẹni tó tà á fún. Mi ò mọ ìlú tí mọ́tò náà wà dòní. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ra mọ́tò àlòkù, tí wọ́n bá ń yìn ín fún yín pé ó ti gbó lóòótọ́ àmọ́ kì í dúró sọ́nà, ẹ má yára sanwó. Ẹ lọ bi obìnrin ilé náà léèrè ibi tó máa ń jókòó sí.