Ibi Tí Omi Òrùlé Ń Kán Sí

Ọjọ́ tí ògiri Ìyá Rábì wó ní Òjé, mo rò pé iṣẹ́ ọ̀mọlé ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Ògiri kẹta tí mo mọ tó wó rèé láàárín ìgbà òjò kan ṣoṣo! Àwọn tí ń pè mí síṣẹ́ ní Ìsàlẹ̀ Òsì ti ń yà fún mi lọ́nà, wọ́n ní ayé ló ń bá mi jà. Ìyá Rábì, opó tí ń ta aṣọ, kò tilẹ̀ bú mi. Ó kàn ní, "Ọmọ mi, níbo ni kí n kó àwọn ọmọ sí báyìí?" Ó dùn mí ju èébú lọ.

Bàbá Làmídì, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, ní mi ò tẹ amọ̀ dáadáa. "Ọ̀lẹ! Ẹsẹ̀ rẹ fúyẹ́ nínú amọ̀!"

Háà, inú bí mi! Èmi tí mo ń tẹ amọ̀ títí orúnkún fi ń dùn mí, tí mo ń dúró kí ìpele kan gbẹ kí n tó gbé òmíràn lé e! Ṣùgbọ́n ta ni yóò dá bàbá lóhùn? Mo bá ń rìn láti Òjé dé Ọjà'ba, mo ń wo ògiri tó wó bí ẹni tí orí rẹ̀ dà rú.

Àṣé kì í ṣe tèmi nìkan. Ti àwọn ọ̀mọlé tó ń fi mí ṣẹ̀sín náà wó! Ọ̀kan lè jẹ́ èèṣì, méjì lè jẹ́ èèṣì. Mọ́kànlá ni mo wò. Ìsàlẹ̀ ni gbogbo wọn ti kọ́kọ́ jẹrà, ilé páànù sì ni gbogbo wọn, páànù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tí gbogbo èèyàn ń du nígbà náà. Àwọn ilé koríko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn dúró gbọn-in. Amọ̀ kan náà, òjò kan náà.

Nígbà tí òjò tún dé, mo dúró sínú rẹ̀, mo wò. Koríko gùn kọjá ògiri, omi rẹ̀ ń kán sí ọ̀ọ́kán. Páànù ńkọ́? A ti gé e kúrú kó lè gún régé, omi rẹ̀ sì ń já lu ẹsẹ̀ ògiri. Fáàrí ló ń wó ilé wa, kì í ṣe ayé. Ògiri tí omi òrùlé bá ń kán sí lẹ́sẹ̀, bó pẹ́ bó yá, yóò wó.

Mo tún ti Ìyá Rábì mọ lọ́fẹ̀ẹ́, mo na etí páànù rẹ̀ jáde ní ìgbọ̀nwọ́ méjì. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín pé ilé wọ agbádá. Ní gbogbo òjò ọdún tó tẹ̀ lé e, àràárọ̀ ni mò ń lọ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ògiri náà. Kò jẹrà rárá.

Lẹ́yìn náà ni Bàbá Làmídì ránṣẹ́ pè mí. Mo ti múra fún ìbáwí. Ó na igi ìwọ̀n sí mi, kò wojú mi.

"Wá bá mi wọn etí òrùlé ilé mi. Báwo ló ṣe yẹ kó gùn tó?"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí n tó gba igi náà lọ́wọ́ rẹ̀.