Ṣáàfù Iwájú Tí Wọ́n Yọ

Ọkọ̀ tí bàbá àwọn ọmọ mi fi sílẹ̀ kò lẹ́wà. Píkọ́ọ̀pù oní-dísẹ́lì ni, ọ̀dà ara rẹ̀ ti bó, ilẹ̀kùn ọ̀dọ̀ mi kì í sì í ṣí láti inú, àfi kí n na ọwọ́ síta kí n tó lè sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ẹ ń rí lójú títì, táyà méjì péré ni ẹ́ńjìnnì ń yí, méjì tó kù kàn ń tẹ̀lé ni. Tiwa, bí ẹ bá ti fa irin kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà, ti iwájú náà á bẹ̀rẹ̀ sí fà. Òun ló ń gbé wa dé oko wa lẹ́yìn Ìjànikin, níbi tí ọ̀dà títì ti tán tí ẹrọ̀fọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ la gbìn síbẹ̀. Gàrí tí mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi, inú ẹrọ̀fọ̀ yẹn ló ti jáde.

Bàbá wọn kì í jẹ́ kí mẹkáníìkì tú nǹkan kan lára ọkọ̀ náà tí àwọn fúnra wọn kò bá tíì mọ ibi tí ariwo ti ń wá. Wọ́n á ní kí n dákẹ́, kí n gbọ́. Bí ọkọ̀ bá dúró sójú kan tí ariwo ṣì wà, a ó wo ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí wọ́n bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì nìkan ló ń dún, a ó wo kílọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ń sáré, tí wọ́n gbé jíà sí fíríì, tí ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀ tí ariwo náà kò rọlẹ̀, a jẹ́ pé ohun kan tó ń bá táyà yí lábẹ́ ọkọ̀ ló ń dún. Ó pẹ́ tí mo fi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bí obìnrin ṣe ń mọ ikọ́ ọkọ rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ èèyàn, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ ohùn mọ́tò yẹn. Bí ó bá ti ń yà wọ àdúgbò wa ní Ìbà, màá ti gbé omi ọbẹ̀ kaná.

Nígbà tí bàbá wọn kú, ọmọ mi ọkùnrin gba kọ́kọ́rọ́. Kò burú. Èmi ò mọ ọkọ̀ wà. Ó ń fi kó fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n fún àwọn oníṣòwò Alábà, ní Sátidé ó ń gbé mi lọ sóko. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pín ọkọ̀ náà láàárín ara wa.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni ariwo kan bẹ̀rẹ̀. À ń bọ̀ láti Òkòkòmáíkò, bí ọkọ̀ ṣe ń sáré sí i ni abẹ́ ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n, gìrì-gìrì-gìrì, bí ìgbà tí wọ́n ń mi òkúta nínú agolo. Ọmọ mi ní gíábọ́ọ̀sì ló ti lọ.

"Gbé e sí fíríì," mo ní.

"Mọ́mì, ojú títì la wà o."

"Mo rí i. Gbé e sí fíríì."

Ó gbé e. Ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀. Ìgbọ̀nrìrì yẹn ń bá tiẹ̀ lọ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi.

"Kì í ṣe gíábọ́ọ̀sì," mo ní.

"Ẹ ti gba iṣẹ́ Dádì." Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà yẹn.

Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kan tó mọ bàbá wọn, ní Igbó-Elérin, la gbé e lọ. Ó fi òkúta dí táyà, ó tẹ́ páálí sílẹ̀, ó wọ abẹ́ ọkọ̀.

"Màmá, ta ló sọ fún yín pé gíábọ́ọ̀sì kọ́?"

"Ọkọ̀ náà ló sọ ọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́ o, ẹ má gba oúnjẹ lẹ́nu wa."

Ọ̀pá irin gígùn méjì ló wà lábẹ́ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣáàfù ni wọ́n ń pè é, òun ni ẹ́ńjìnnì fi ń yí táyà. Ọ̀kan lọ sí ẹ̀yìn, ọ̀kan lọ sí iwájú. Ní orí kọ̀ọ̀kan wọn, irin kékeré kan wà tó ṣe bí àgbélébùú, òun ni wọ́n ń pè ní kúrọ́ọ̀sì. Ó di ti ẹ̀yìn mú, ó lọ́ ọ síhìn-ín sọ́hùn-ún, kò mira. Ó di ti iwájú mú, ó ń dún kó, kó, ó ń mì lọ́wọ́ rẹ̀ bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ.

"Kúrọ́ọ̀sì iwájú ni," ó ní. "Ó ti gbẹ. Ó dà bíi pé kò rí gíríìsì látìgbà tí Bàbá ti lọ."

Mo wo ọmọ mi. Fóònù ló ń wò.

Mẹkáníìkì ní òun á lu èyí tó ti jẹ jáde, òun á fi tuntun sí i, kò sí nǹkan mìíràn tó ṣe ọkọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi wọ́n síbẹ̀, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé kí n lè bá ìrun Àsárì.

Nígbà tí ọmọ mi gbé ọkọ̀ délé, mi ò tiẹ̀ gbọ́. Àfi ìgbà tó wọlé tó ní, "Mọ́mì, ó ti dákẹ́." Mo gbàdúrà fún un. Mo gbàdúrà fún mẹkáníìkì náà. Àdúrà yẹn gan-an ló ń dùn mí jù.

Òjò dé. Ẹ̀gẹ́ ti gbó. A lọ ní Sátidé kan tí ilẹ̀ ṣì le díẹ̀, a kó ẹ̀gẹ́ kún ẹ̀yìn ọkọ̀, kí a tó ṣe tán òjò ti rọ̀ lé wa lórí. Bí a ṣe ń jáde bọ̀, ọkọ̀ rì. Ọmọ mi ń tẹ iná, táyà ẹ̀yìn ń ta ẹrọ̀fọ̀ sókè. Mo na ọwọ́ síta, mo ṣílẹ̀kùn, mo sọ̀ kalẹ̀.

"Fa irin kékeré yẹn," mo ní.

"Mo ti fà á."

Mo wo táyà iwájú. Ó dúró gbagidi bíi ti inú fọ́tò.

"Kí lẹ ṣe sí kúrọ́ọ̀sì ọjọ́sí?"

Sítíárìn ló ń wò, kò wò mí. "A ò pààrọ̀ ẹ̀, Mọ́mì. A yọ ṣáàfù yẹn ni. Gbogbo ẹ̀."

"Ta ló ní kí ẹ yọ ọ́?"

"Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ta ló ń lo fóò-wíìlì ní Èkó? Ó kàn ń jẹ dísẹ́lì ni. Títì ọ̀dà lèmi ń rìn."

"Ibi tí a wà yìí ńkọ́? Ṣé ọ̀dà nìyí?"

Ó pa ẹ́ńjìnnì.

"Níbo ni ṣáàfù náà wà?"

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká jáde níbí ná."

"Níbo ló wà?"

"Àwọn onírin àlòkù ti gbé e lọ."

Mi ò bínú sí mẹkáníìkì. Wọ́n ní kó yọ ọ́, ó yọ ọ́. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún: ohun tó ń pariwo, wọn ò ní tún un ṣe, wọ́n á yọ ọ́ sọnù, oníbàárà á ní ó ti dára. Ṣùgbọ́n ọmọ mi mọ ibi tí mò ń lọ. Gbogbo Sátidé ẹ̀ẹ̀rùn yẹn ló fi gbé mi lọ, lórí ilẹ̀ gbígbẹ, tó ń bá mi sọ̀rọ̀ bí òjò yóò ṣe rọ̀ sí lọ́dún yìí, tó sì mọ̀ pé kò sí nǹkan kan lábẹ́ iwájú ọkọ̀.

A já ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, àwọn ọkùnrin kan bá wa ti òfìfo ọkọ̀ jáde. Nígbà tí mo fi ọ̀kadà padà lọ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, tí mo fi ẹsẹ̀ rin èyí tó kù, ẹ̀gẹ́ ti rọ̀, ó ti ń rùn. Orúnkún mi kò jẹ́ kí n lọ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Èyí tó kù nínú ilẹ̀ di igi.

Ọmọ mi ní òun ń bá mi wá ṣáàfù mìíràn. Mò ń gbọ́ ọ. Ó tún ní ẹnì kan ní Ajangbádi fẹ́ ra ilẹ̀ náà, pé kí ni mo fẹ́ fi ilẹ̀ tí ọkọ̀ kò lè dé ṣe.

"Ọkọ̀ ń dé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀," mo ní.

Gàrí ni mò ń rà báyìí ní Òkòkòmáíkò, èmi tí àwọn èèyàn ń wá ra gàrí lọ́wọ́ mi. Lálẹ́ ọjọ́ kan ọmọ mi fi omi rẹ ẹ́, ó bu ṣíbí kan sẹ́nu, ó fajú ro.

"Mọ́mì, gàrí yìí ò kan bíi tiyín."

"Ìyẹn ni ọkọ̀ tí kì í pariwo ń gbé wá," mo ní, mo sì nawọ́ ṣúgà sí i.