Àmúsà Ará Iléàna

Ìdíátù ló bí ìyá ọkọ mi. Ọkọ rẹ̀, Àmúsà, ń rán tìmùtìmù ní Muṣin nígbà tí Muṣin ṣì jẹ́ abúlé. Òwú àràbà ló ń kì sínú wọn, òwú náà kì í sì í kúrò ní irùngbọ̀n rẹ̀ àfi lọ́jọ́ Jímọ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ohun kan ṣoṣo tó lè mú un gbé ohùn sókè ni kí ẹnìkan sọ pé kò lọ sógun.

Ó lọ. Ó ru ẹrù tẹ̀lé àwọn ṣójà dé Kámẹ́rúùnù, èjìká ọ̀tún rẹ̀ kò sì gún mọ́ láti ìgbà náà. Nígbà tí ìròyìn wá tàn kálẹ̀ pé ìjọba fẹ́ pín ilẹ̀ kan lẹ́yìn Ojú Ẹlẹ́gbà fún àwọn tó bá ogun náà lọ, inú rẹ̀ dùn ju ti ọlọ́mọ tuntun lọ. Yàrá kan ni òun àti Ìdíátù àti àwọn ọmọ há mọ́, onílé sì ti sọ pé àbúrò òun ń ti Ìjẹ̀bú bọ̀, kí wọ́n wá ibòmíràn gbà. Ilẹ̀ yìí nìkan ni wọ́n gbójú lé.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan tó ń jẹ́ Ọláolú ni akọ̀wé tó ń tọ́jú ìwé ogun ní ọ́fíìsì náà l'Ékòó. Láyé ìgbà náà, orúkọ ìlú èèyàn ni àwọn ológun máa ń so mọ́ orúkọ rẹ̀. Ọláolú ka àwọn Àmúsà tó wà nínú ìwé: Àmúsà Ìbàdàn, Àmúsà Ìlọrin, Àmúsà Ẹdẹ, Àmúsà Ilíyánà. Èyí tó kẹ́yìn yìí, imú ló fi pè é bí òyìnbó. Kò sí Àmúsà Muṣin. Àmúsà ṣí èjìká rẹ̀ hàn án. Ọláolú ní òun rí i, àmọ́ èjìká kì í ṣe ìwé.

Ó darí wálé, kò lè jẹun. Ìdíátù ní tirẹ̀, ọ̀rọ̀ kì í kú lọ́wọ́ rẹ̀ bí kò bá tíì wo ìdí rẹ̀. Bí wọ́n ti jókòó tí wọ́n ń ṣa kóró kúrò nínú òwú, ó bi í pé apá ibo ni Ilíyánà wà. Àmúsà ní ó jọ pé òkè Ọya ni. Ó bi í ní ohun tí wọ́n ń jẹ lójú ogun, ó bi í ní ẹni tó ń jí wọn. Orúkọ wo wá ni wọ́n fi ń pè é? Àmúsà sorí kọ́.

“Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ń fi mí ṣe,” ó ní. “Láràárọ̀ ni wọ́n máa ń pè mí ní Àmúsà Ilé-àna. Mo kàn ń dáhùn ni.”

Ìdíátù ní ta ló sọ̀rọ̀ àna fún wọn. Ìgbà náà ni Àmúsà tó sọ ohun tí kò sọ fún un rí. Ǹjẹ́ Ìdíátù rántí ọjọ́ tí òun lọ bá bàbá rẹ̀, Bàbá Mùktárù, ṣe òrùlé n'Ísọlọ̀, bí ọkọ gidi ti í ṣe fún àna rẹ̀? Oòrùn ń pa á lókè, Bàbá Mùktárù dúró nísàlẹ̀, ó ń sọ pé gbogbo koríko bẹ́ẹ̀rẹ̀ tó tò ló wọ́. Nígbà tó ku apá kan, ó sọ̀ kalẹ̀ pé òun ń lọ wá bẹ́ẹ̀rẹ̀ sí i. Lójú ọ̀nà ló ti pàdé òyìnbó tó ń wá àwọn tí yóò ru ẹrù ogun. Ògbufọ̀ bi í pé, “Níbo lo ti wá?” Ó dáhùn pé, “Ilé àna mi.” Òyìnbó kọ ọ́ sílẹ̀. Lójú Àmúsà lọ́jọ́ náà, ogun fúyẹ́ ju òrùlé yẹn lọ.

Ìdíátù rẹ́rìn-ín títí òwú fi fò káàkiri. Lójijì ló di ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú.

“Bàbá Saidat,” ó ní, “ẹ̀yin ni Ilíyánà.”

Àwọn méjèèjì jọ padà sí ọ́fíìsì. Ọláolú tún ìwé náà wò, ó pè é jẹ́jẹ́, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní òun gbà wọ́n gbọ́. Àmọ́ ìlú ni Iléàna nínú ìwé, ọ̀gá òun kò sì ní fọwọ́ sí i àfi bí olórí ìlú náà bá wá sọ pé òun mọ ọkùnrin yìí.

Ọ̀rọ̀ wá di ti Bàbá Mùktárù. Ẹlòmíràn ló bá a parí apá òrùlé tí Àmúsà fi sílẹ̀, ọdọọdún ló sì ń jò, ọdọọdún ni bàbá ń dárúkọ Àmúsà nínú òjò. Àmúsà dọ̀bálẹ̀, kò dìde. Bàbá fara balẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀.

“Ilé tèmi ni wọ́n ń dárúkọ lójú ogun?”

“Ilé yín ni, Bàbá.”

“Láràárọ̀?”

“Láràárọ̀, Bàbá.”

Bàbá tún fìlà rẹ̀ dé. Ó ní òun kò ní purọ́ nítorí ilẹ̀ o. Ìdíátù ní kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n purọ́.

Níwájú ọ̀gá òyìnbó, Ọláolú ló ń túmọ̀. Ó bi bàbá bóyá ó mọ ọkùnrin yìí. Bàbá ní òun mọ̀ ọ́n ju bí òun ṣe fẹ́ lọ. Ó bi í pé níbo ni Àmúsà ti wá lọ́jọ́ tó bá ogun lọ.

“Ilé àna rẹ̀ ni. Mo wà níbẹ̀.”

“Ta ni olórí ibẹ̀, Bàbá?”

“Èmi ni. Ta ni ì bá tún jẹ́?”

Ọláolú tú u sí èdè òyìnbó, kò rẹ́rìn-ín. Òyìnbó béèrè bóyá Iléàna jìnnà. Bàbá ní ó wà lọ́wọ́ bí ọkùnrin bá ṣe ń ṣe sí ìyàwó rẹ̀. Ọláolú sọ fún òyìnbó pé kò jìnnà. Mo ti yẹ ọ̀rọ̀ bàbá yẹn wò tàdúrà-tàdúrà, mi ò rí irọ́ níbẹ̀. Ti Ọláolú, òun àti Ẹlẹ́dàá rẹ̀ ni.

Òyìnbó lu òǹtẹ̀. Àmúsà rí ilẹ̀ gbà.

Bí wọ́n ti ń bọ̀ lọ́nà, ó ti ń ro ibi tí ilẹ̀kùn yóò kọjú sí. Bàbá ní ó dáa, àmọ́ níwọ̀n ìgbà tí Iléàna ti di ìlú, olórí rẹ̀ kò ní sùn nínú òjò mọ́.

Torí náà, kó tó po amọ̀ sórí ilẹ̀ tirẹ̀, Àmúsà gun òrùlé n'Ísọlọ̀. Bàbá dúró nísàlẹ̀, ó ní ó wọ́. Ìdíátù ti di bẹ́ẹ̀rẹ̀ jọ gègèrè sẹ́bàá àkàbà, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń nà án sí i lókè, kó má baà di pé ọkọ rẹ̀ tún sọ̀ kalẹ̀ lọ wá a lójú ọ̀nà.